Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ní Abẹ́òkúta: Ẹ Gba Ìwé Nọ́ọ̀sì Lọ́wọ́ Ọmọ Tó Ń Múra Ìdánwò Nọ́ọ̀sì

Sí àwọn alága, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní àwọn ilé ìwé girama Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó orí wọn.

Olùkọ́ ni wá, iṣẹ́ wa sì ni láti múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹjọ́ tí a gbé wá síwájú yín kò gùn: ohun tí àwọn ọmọ wa ń kà kọ́ ni ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. Bí ọmọ bá ti lè sọ nílé pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, àǹtí kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà á kó ìwé ńláńlá fún un, ìwé egungun àti iṣan, ìwé oògùn, ìwé ìtọ́jú aláìsàn. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í há egungun 206 sórí. Ọjọ́ ìdánwò á dé, wọ́n á bi í bí omi ṣe ń gba inú gbòǹgbò gòkè dé ewé, wọ́n á bi í ní ìwọ̀n nǹkan tó yọ́ sínú omi 250 cm³, wọ́n á ní kó fa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ yọ láàárín mẹ́rin. Ó kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, kò ka èyí tó yẹ. Ìwé nọ́ọ̀sì ń bẹ níwájú fún un. Bó bá wọlé, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Ohun tí ìdánwò àbáwọlé fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ SS1 dé SS3 yé e.

Àwọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láyé ọjọ́un mọ̀ pé fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà lèèyàn ń rà, tí yóò lọ jókòó ṣe ìdánwò wọn lórí pépà, tí wọ́n á sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn àwọn ẹ̀gbọ́n wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi sọ ọ́, fi ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 2025, JAMB fi 140 nínú 400 ṣe máàkì tó kéré jù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì, ó fi 150 ṣe ti yunifásítì, ó sì fi ọdún 16 ṣe ọjọ́ orí tó kéré jù. Kí ẹnikẹ́ni má fi 140 tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹnu ọ̀nà ni, kì í ṣe àga. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ọmọ tí Àjọ NMCN, àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, gbà láyè fún ilé ẹ̀kọ́ kan sì ní òpin. Ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ wa, 220 la ń ní kó fojú sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an rèé. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni JAMB sábà máa ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, oṣù kẹrin ni ìdánwò sì sábà máa ń bọ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ WAEC ń bọ̀. Àmọ́ WAEC ni ilé ìwé girama ń wò tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́. Orí tó kẹ́yìn nínú ìwé, bí àbùdá àjogúnbá nínú Bàyọ́lọ́jì, àwọn ohun tó ní kábọ̀n nínú Kẹ́mísírì, àti iná mànàmáná nínú Físíìsì, ìparí sáà kejì SS3 ni olùkọ́ ń sáré kọ́ wọn. Nígbà yẹn JAMB ti kanlẹ̀kùn. Ọmọ tó bá ń dúró de kíláàsì á ṣe ìdánwò lórí ohun tí wọn kò tíì kọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. SS2 ni ìmúra ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, fún nọ́ọ̀sì: Gẹ̀ẹ́sì, Bàyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù ní ogójì ogójì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí 2 ni wọ́n fún ọmọ láti ṣe é. Ẹ pín in wò, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan, kíkà àyọkà Gẹ̀ẹ́sì sì ti wà nínú rẹ̀.

Mátíìsì kò sí nínú mẹ́rin yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti torí ìyẹn pa á tì. Wọ́n ń ṣe ara wọn ni. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì, Mátíìsì, Bàyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. C6 ṣì jẹ́ kírédíìtì, D7 kì í ṣe é. Ọmọ tó gba 250 nínú JAMB tó wá mú D7 nínú Mátíìsì, ilé ni yóò wà. Kódà nínú wọ́ọ̀dù, ìṣirò kò níí fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Bí dókítà bá ní kí omi lítà 1 wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 8, tí okùn omi náà sì ń fi ẹ̀kán 20 gbé mílílítà kan, nọ́ọ̀sì ní láti sọ 1000 di ìlọ́po 20, kó pín in sí ìṣẹ́jú 480, kó sì mọ̀ pé bí ẹ̀kán 42 ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò lè pín nǹkan sí nǹkan kò yẹ kó dé ìdí ibùsùn aláìsàn.

Bàyọ́lọ́jì ni àwọn ọmọ rò pé àwọn mọ̀ jù, òun náà ló sì ń já wọn kulẹ̀ jù. Ti ènìyàn nìkan ni wọ́n ń kà. Ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n mọ̀ wọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n sílábọ́ọ̀sì JAMB kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ yín fẹ́ ṣe. Ìwé ìbéèrè kan náà ni òun àti ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní FUNAAB jọ ń dáhùn. Òdòdó àti irúgbìn wà níbẹ̀, ìsọ̀rí ẹ̀dá alààyè láti orí bakitéríà dé orí ẹranko wà níbẹ̀, àyíká, ilẹ̀ àti bí ẹ̀dá kan ṣe ń jẹ ẹ̀dá kejì wà níbẹ̀. Ọmọ tó fo gbogbo ìyẹn ti ju máàkì sílẹ̀ kó tó jókòó.

Èyí tí wọ́n sì sọ pé àwọn mọ̀, ẹ wádìí rẹ̀ wò. Kò sí ọmọ SS3 kan ní Abẹ́òkúta tí kò mọ̀ pé AS pẹ̀lú AS léwu. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀, ẹ ó rí iṣẹ́. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìṣeéṣe pé ọmọ yóò jẹ́ AA jẹ́ 1/4, kó jẹ́ AS jẹ́ 1/2, kó jẹ́ SS jẹ́ 1/4. Àwọn ọmọ á wá gbà pé bí tọkọtaya náà bá bí mẹ́rin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ SS. Rárá o. Oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọ́n lè bí mẹ́rin kí SS má sí níbẹ̀, wọ́n sì lè bí méjì kí méjèèjì jẹ́ SS. Bí ìdánwò bá béèrè ìṣeéṣe pé ọmọ méjì àkọ́kọ́ kò níí jẹ́ SS, 3/4 lọ́nà 3/4 ni, ìyẹn 9/16. Ọmọ tó há àpótí olójú mẹ́rin tí wọ́n fi ń ya AS pẹ̀lú AS sórí lásán kò níí dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ omi àti sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ju sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sínú omi lásán, yóò wú títí yóò fi bẹ́. Ẹ ju ti ewéko sínú omi kan náà, yóò wú, kò níí bẹ́, nítorí ògiri tó yí i ká. Wọ́n fẹ́ràn láti fi méjèèjì wé ara wọn nínú ìbéèrè, ọmọ tó ka ti ènìyàn nìkan á sì mú ìdáhùn kan náà fún méjèèjì. Nínú yíyẹ oúnjẹ wò, ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni iná: áyódíìnì tó ń sọ sítáàṣì di dúdú aláwọ̀ aró kò fẹ́ iná, Biuret tó ń fi purotéènì hàn ní àwọ̀ elésè àlùkò kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n Benedict tó ń fi ṣúgà hàn ní pupa bíríkì, láìgbóná, kò níí ṣiṣẹ́.

Nínú Kẹ́mísírì, mólù ló ń kó wọn láyà jẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi sódà tí àwọn aládìrẹ ń lò ní Ìtòkú ṣe àpẹẹrẹ, NaOH ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. A yọ́ gíráàmù 4 rẹ̀ sínú omi, ó sì di 250 cm³. Mólù mélòó ló wà nínú dm³ kan? Na jẹ́ 23, O jẹ́ 16, H jẹ́ 1, àpapọ̀ jẹ́ 40. 4 tí a pín sí 40 jẹ́ mólù 0.1. Títí débí, ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá wa lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín 0.1 sí 250, wọ́n á rí 0.0004, wọ́n á sì bá a láàárín ìdáhùn mẹ́rin tó wà níwájú wọn. Inú wọn á dùn. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tó ṣe ìbéèrè mọ àṣìṣe yẹn, ó sì ti gbé e síbẹ̀ dè wọ́n. 250 cm³ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di 0.25 dm³, 0.4 ni ìdáhùn. Àrùn kan náà ló wà nínú Físíìsì. Láti mú omi gíráàmù 500 gbóná láti 30 °C dé 80 °C, tí agbára ìgbóná omi jẹ́ 4200 J fún kílógíráàmù kan ní °C kan, ọmọ á fi 500 sílẹ̀ bó ṣe wà, á sì rí mílíọ̀nù 105. Kílógíráàmù 0.5 ni, ìdáhùn jẹ́ 105,000 J. Kí ọmọ kọ òṣùwọ̀n ohun gbogbo sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nọ́ńbà, ìyẹn nìkan lè yọ ọ́ nínú ọ̀pọ̀ wàhálà. Ẹni tó bá mọ ìṣípòpadà, ìgbóná, ìgbì àti iná mànàmáná nínú Físíìsì, tó lè yí fọ́múlà wọn padà lọ́tùn-ún lósì láìwo ìwé, ó ti kọjá ẹni tí à ń ṣàánú.

Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìbéèrè jù, síbẹ̀ 100 kan náà ni máàkì rẹ̀. Tí a bá fi ìṣirò lásán wò ó, ìbéèrè kan nínú Kẹ́mísírì tó 2.5, ti Gẹ̀ẹ́sì kò pé 1.7. Ọmọ tó lo wákàtí kan lórí Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé òun ló kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà ti ra ọjà olówó pọ́ọ́kú lówó gọbọi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún Gẹ̀ẹ́sì, 25 fún Bàyọ́lọ́jì, ọgbọ̀n ọgbọ̀n fún méjì yòókù, kí 5 ṣẹ́kù fún èyí tó fò. Nínú àyọkà, kó kọ́kọ́ ka ìbéèrè, kó tó ka àyọkà. Ní ti ìró, etí tiwa níhìn-ín ń gbọ́ cut àti cot bákan náà, ó sì ń ya cut sọ́tọ̀ kúrò lára blood nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ cut àti blood ni wọ́n jọ ní ìró kan náà. Sípẹ́lì ń tan ojú. Àmì ìró tó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni kí olùkọ́ fi kọ́ wọn, kó má jẹ́ àfẹnusọ nìkan, nítorí ẹnu olùkọ́ náà lè má ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìwé ìbéèrè àtijọ́ dára, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni kò dára. Àwọn ọmọ kan wà tó mọ̀ pé B ni ìdáhùn nọ́ńbà 17 ọdún báyìí báyìí, tí wọn kò mọ ìdí. Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àwọn ìwé wọ̀nyẹn ń ṣì nígbà mìíràn pàápàá, ọmọ á sì há àṣìṣe sórí pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a bo ìdáhùn, a ka ìbéèrè 40, a gbé aago kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí a bá ti máàkì rẹ̀ tán, ọmọ á kọ gbogbo èyí tó kùnà sínú ìwé kékeré kan tó ní òpó mẹ́ta: èyí tí n kò mọ̀, èyí tí mo mọ̀ tí mo ṣì kà, èyí tí mo ṣì ṣírò. Òpó kìíní ń rán an padà sídìí ìwé. Òpó kejì fẹ́ kó dín eré kù, kó máa wo ọ̀rọ̀ bíi NOT àti EXCEPT. Òpó kẹta fẹ́ òṣùwọ̀n àti pẹ́ńsù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó tún àwọn tó kùnà yẹn ṣe láìwo ẹ̀yìn. Ọmọ tí òpó kejì rẹ̀ gùn jù lọ, tí ẹ tún ń san owó lẹ́sìnnì kún lẹ́sìnnì fún, ẹ ń fi owó ṣòfò ni. Kì í ṣe ìmọ̀ ló kù ú kù. Sílábọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí IBASS, ojú òpó JAMB fún sílábọ́ọ̀sì àti ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè, ibẹ̀ náà lẹ ti lè wo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè.

Kí wọ́n sì lo kọ̀ǹpútà gidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n lórí mọ́ọ̀sì. JAMB gbà kí ọmọ fi bọ́tìnnì mẹ́jọ ṣe gbogbo iṣẹ́: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó kọjá, S láti parí ìdánwò, R láti padà sẹ́yìn bó bá ṣèèṣì tẹ S. Ìṣèèṣì yẹn kò ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti ìforúkọsílẹ̀ ló kàn. NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Láti orí nọ́ńbà fóònù ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ti kọ NIN, kó fi àyè sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà 11 náà, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Ọmọ kan ni nọ́ńbà kan wà fún. Ẹ má fi ti bàbá ṣe ti ẹ̀gbọ́n tán kí ẹ tún fi ṣe ti àbúrò. Orúkọ tó wà lórí NIN ni JAMB yóò gbé. Bí ó bá yàtọ̀ sí ti WAEC, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ni àtúnṣe wà, ìyẹn sì lè pẹ́, nítorí náà kì í ṣe oṣù kejì SS3 ló yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò ó. Ìka tí JAMB fi ń dá ọmọ mọ̀ ń kọ́? Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ re aṣọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ sódà lójoojúmọ́, ojú ìka rẹ̀ lè parẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò níí mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó fi aró sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ forúkọ sílẹ̀, kó sì tún fi sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Lọ́jọ́ náà, fóònù, aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣirò, ilé ni kí wọ́n wà. Ẹ̀rọ ìṣirò wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó ní òun fẹ́ ta ìdáhùn fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Ìbéèrè tó wà níwájú ọmọ kan kì í tò bí ti ẹni tó jókòó tì í.

Bí èsì bá dára, iṣẹ́ kò tíì tán. Èsì WAEC gbọ́dọ̀ wọ ojú òpó JAMB láti ibi tí JAMB fọwọ́ sí, kó lè hàn lórí CAPS, ojú òpó tí JAMB fi ń ṣètò ìgbaniwọlé. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ kí èsì WAEC rẹ̀ tó jáde, tó wá gbàgbé láti padà lọ gbé e sókè, ilé ẹ̀kọ́ kò lè mú un, ì báà gba 300. Bí wọ́n bá sì mú un, orí CAPS náà ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn wá. Ìlú yìí kò kúkú ṣàìmọ ilé ìwòsàn. Sacred Heart ní Lántòrò ti wà láti 1895, Arò ti ń tọ́jú ọpọlọ láti 1954, Ìdí-Àbà àti Ìjàyè ń bẹ. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń rí aṣọ funfun, ìkánjú sì ń mú wọn. Bí JAMB bá já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkan á ní kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹ̀kọ́ yẹn kò lè sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ tí NMCN fọwọ́ sí nìkan ló lè mú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wọ ìwé àjọ náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò lè jókòó ṣe ìdánwò wọn, kò sì lè gba ìwé àṣẹ, bó ti wù kó mọ abẹ́rẹ́ gún tó. Kí owó kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà nínú àkójọ NMCN. Ọmọ tó tún JAMB ṣe lọ́dún kejì kò pàdánù nǹkan kan tó èyí tó fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe nìyí. Ní ìpàdé yín tó kàn, kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ọmọ SS2 tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, kó sì kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní NIN, bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí rẹ̀ bá ti ilé ìwé mu. Nínú owó tí ẹ ń dá, ẹ yọ díẹ̀ fún olùkọ́ Kẹ́mísírì àti ti Físíìsì kí wọ́n lè kọ́ àwọn orí tó kẹ́yìn yẹn nígbà ìsinmi gígùn tó wọ SS3. Kí ọ̀gá ilé ìwé sì ṣí yàrá kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà ní títì pa, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2. Ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti kéré, àwa náà ṣe tán láti wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ méjì. A kò níí gba owó ìyẹn.

Àwa olùkọ́ ìmúra ìdánwò,
Abẹ́òkúta.